Ohùn Yín Lẹ́nu Ìbùkún

Bàbá mi àtàtà,

Ó pé ọdún kan lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ìsìn ìrántí yín lọ dáadáa lójú àwọn èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, oúnjẹ kárí, àwọn ará Ìjùmú wá láti ilé, wọ́n ń kí wa ní òkun o, òkun o, títí ohùn wọn fi há. Inú tèmi ò dùn. Mo ṣe nǹkan kan tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ṣe é sí.

Àbúrò mi Dáre wá láti Skọ́tíláǹdì, ó mú ọmọ rẹ̀ Ìbùkún dání. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, èmi kì í dá sí i. Àfìgbà tó wọ pálọ̀ tó kí mi ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yín gan-an ni! R ń yí lórí ahọ́n rẹ̀, “áì” ló fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ohun kékeré ni “wíì”. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ gbé bọ̀ láti ọdún mẹ́rin tí ẹ fi kọ́ nípa òkúta níbẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń lọ yẹ irin ilẹ̀ wò ní Agbaja. Bí mọ́tò ṣe ń jù yín sókè lójú ọ̀nà burúkú yẹn tó, Gẹ̀ẹ́sì náà ò jábọ́ lẹ́nu yín.

Ṣé ẹ rántí ìpàdé òbí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì? Ẹ dìde, ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àga tí kò tó wa jókòó. Ẹ ò tíì sọ gbólóhùn méjì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sín yín jẹ lójú mi. Mo délé, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé wa mọ́. Ẹ ò bínú, ẹ kàn mi orí ni. Látọjọ́ náà, Yorùbá lẹ máa ń bá àwọn tíṣà mi sọ, títí kan èyí tó jẹ́ ará Igala tí kò gbọ́ ẹyọ kan. Á máa wò yín, ẹ̀yin náà á máa wò ó. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ẹ ò ṣe gbá mi létí?

Ẹ mọ̀ pé nílé wa, àkọ́bí nínú àwọn ọmọ-ọmọ ló máa ń ka Bíbélì níbi ìrántí, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń ṣe ìsìn níbí nítorí pé èdè ìjọ wa pọ̀. Ìbùkún ló kàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń rìn káàkiri fáráńdà, tó ń kà á sókè, tó ń wo Òkè Pátì lọ́ọ̀ọ́kán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ lẹ́yìnkùlé ń sín in jẹ. Wọn ò ní ìkà nínú. Síbẹ̀ mo tún di ọmọ ilé ìwé. Mo bá a níbi tó ti ń wọ bàtà, mo gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní àwọn èèyàn ò ní gbọ́ ohun tó bá kà, èmi ni màá kà á. Ó wò mí, ó ní òun ti gbọ́. Mo kà á. Wọ́n kí mi pé mo kà á dáadáa.

Látìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì tèmi ni Ìbùkún ń bá wa sọ. Ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ Natako, àdúgbò wa níbí. Àwọn àlejò ń yìn ín pé ó ti mọ ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà, Àǹtí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń padà. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ ọmọdé tí kò bá ẹni jà, Bàbá?

Lọ́sàn-án òní, ó wà ní yàrá yín, ó ń bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yin ni mo ń gbọ́. Mo bọ́ bàtà, mo fara ti ògiri, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì fa imú. Ó mọ̀ pé mo wà níta. Lẹ́yìn náà ló wá fi Gẹ̀ẹ́sì tèmi bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pa yín lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀mejì.