Orúkọ Tí Mo Kọ Sẹ́yìn Fọ́ọ̀mù

Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sí i, ẹ̀yin òǹkàwé. Yàtọ̀ sáwọn tó ní kí n kọ ọ́, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀, ìyàwó mi gan-an ò mọ̀...

Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí. Nígbà tí àwọn olóṣèlú ṣì wà lórí àlééfà, ọ̀gá kan wá láti yunifásítì, ó ní òun ń wádìí ìwà èèyàn àti irú ìjọba tí ìwà náà ń mú kéèyàn fẹ́. Ó ní kí n máa ka ìbéèrè fáwọn àgbẹ̀, kí n máa sàmì sí ìdáhùn wọn lórí fọ́ọ̀mù. Ṣé ó yẹ ká na ọmọ tó bá ń bá àgbà jiyàn? Ṣé aláṣẹ tó le nìkan ló lè tún ìlú ṣe? Ó kìlọ̀ fún mi léraléra pé n ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ràmọ́tà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, wọ́n ń gé èbù iṣu lọ́wọ́. Mo bi wọ́n bóyá ó yẹ kéèyàn gbọ́ràn sí ìjọba tó fìbọn gorí oyè. Wọ́n ní láéláé, kí n tẹ bírò mọ́ ọn dáadáa! Wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ àwọn sí i, pé ọ̀rọ̀ tí kò bá lórúkọ, ti olófòófó ni. Mo ṣàlàyé títí, Bàbá fàáké kọ́rí, pé àwọn kì í ṣọmọ àlè. Ni mo bá kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, torúkọ tagboolé. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n ní kí n kọ tàwọn náà... mo kọ gbogbo ẹ̀, n ò sì sọ fún ọ̀gá náà.

Àwọn sójà ti gbàjọba báyìí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti mú ọ̀gá yẹn, wọ́n kó gbogbo ìwé ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin méjì wá sílé ìwé wa, wọ́n ń bèèrè tíṣà tó pín fọ́ọ̀mù. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n láwọn ń padà bọ̀ tí ọlidé bá parí. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni!

Ṣé kí n ní kí Bàbá sá lọ sí Kisi? Mo mọ Bàbá. Wọn ò ní sá. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á kírun, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí tẹ́ṣàn lọ sọ pé àwọn làwọn sọ ọ́. Tí n ò bá sì sọ ńkọ́, ṣé kí wọ́n wá ká Bàbá mọ́ oko láìmọ̀dí? Àbí kí n lọ jọ̀wọ́ ara mi, kí n ní èmi ni mo parọ́ mọ́ Bàbá? Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ má dárí jì mí títí wọ́n á fi kú... Ẹ dákun, tó bá jẹ́ pé bàbá tó tọ́ yín ni, èwo lẹ máa ṣe?