Ẹbu Kan, Ọmọ Méjì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹyìn so lọ́dún yìí ju bí ẹ ṣe máa ń rí i lọ. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ pàápàá, èyí tí ẹ máa ń pè ní ọ̀lẹ, ó so, ó sì pọ́n. Ìròyìn ayọ̀ ló yẹ kí n fi èyí ṣe fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ẹyìn náà pọ́n gan-an ni èmi àti Ṣadé, àbúrò mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá ara wa, orí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ la sì ti ń jà.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ọkọ mi, bàbá Dàmọ́lá, ti kú tí mo ti padà wálé, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà ní ẹbu tí a ti ń ṣe epo. Èmi ni mò ń jí dáná, èmi ni mò ń bá àwọn akọ̀pẹ dúnàá dúrà, ojú mi ni èéfín ń wọ̀. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mò ń fọ ẹ̀yìn fún yín lọ́jọ́ kan, ẹ di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọṣẹ lára rẹ̀, ẹ ní, "Ìwọ ni mo fi ẹbu yìí lé lọ́wọ́. Má sọ fún ẹnì kankan, n ò fẹ́ ìjà." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́. Ìsìnkú kọjá, ọ̀fọ̀ kọjá, n kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló tún fẹ́ bá mi du ibi tí mò ń sùn, tí mò ń jí?

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Ṣadé dé láti Ṣáṣá pẹ̀lú ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà fa téèpù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ ẹbu. Mo bi Ṣadé léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìfún-epo tó tóbi ju èyí tí a ní lọ wá, pé ibi tí a ń sá èkùrọ́ sí ni yóò jókòó sí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà ká téèpù rẹ̀ kó máa lọ. Ṣadé lọ dúró ti ẹ̀rọ wa. Ó wá sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé owó òun ni a fi ra ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, pé tí kì í bá ṣe ṣọ́ọ̀bù òun ní Ṣáṣá ni, epo wa ì bá máa bàjẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Òótọ́ ni, Màámi. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín, Bàbá Láyí, gbọ́ sí i. Wọ́n ní ilẹ̀ bàbá yín ni ẹbu wà, pé bí a bá fẹ́ máa jà, kí ẹbí gba ilẹ̀ wọn padà, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń kọ́lé bọ̀ sọ́dọ̀ wa láti ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà. Wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, n kò pe Ṣadé, Ṣadé náà kò pè mí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ẹrù ẹyìn méjì ló dé. Àwọn akọ̀pẹ wa gbé tèmi wá láàárọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà wọlé, ẹyìn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, Ṣadé jókòó síwájú. Ẹ̀rọ kan, àgbá ìsè kan. Ìyá Sùkúrà, tí wọ́n ti ń bá yín dáná látìgbà tí mo wà lọ́mọdé, gbé omi lé iná, wọ́n wá dúró láàárín wa. Wọ́n béèrè pé ti ta ni kí àwọn kọ́kọ́ dà sí i. Omi ń hó títí ó fi ń gbẹ.

Mo ní tèmi ni. Ṣadé ní ẹ̀rọ òun kò ní fún ẹyìn tí òun kò rà. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ mi. N kò ní kọ gbogbo ohun tí a sọ síbí. Ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú irin tí a fi ń yí ẹ̀rọ kó tó dún, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀ tòun ti epo lára, ó sì bá ọkọ̀ akẹ́rù náà padà lọ. Ó fi ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Ẹyìn kì í dúró de ìjà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, òórùn kíkan ti ń jáde lára rẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣáṣá. Mo bá Ṣadé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì epo. Irin náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. N kò kí i, kò sì kí mi.

"Màámi ti fi ẹbu lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú," ni mo wí. "Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Irọ́ ni, àǹtí mi. Èmi ni wọ́n fi lé lọ́wọ́."

Mo pè é ní òpùrọ́. Ó ní kí n jókòó. Ó ní nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ òun tí ẹ ń gba ìtọ́jú, òun ń fún yín ní ẹ̀kọ mu, ẹ sì di ọwọ́ òun mú. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ìwọ ni mo fi ẹbu yìí lé lọ́wọ́." Kó tó parí rẹ̀, èmi ni mo bá a sọ èyí tó kù: "Má sọ fún ẹnì kankan, n ò fẹ́ ìjà."

Ṣadé fi ọwọ́ bo ẹnu. A kò lè wo ojú ara wa. Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ ra epo, àwa méjèèjì sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti wọ̀n ọ́n fún un.

Kí ló dé, Màámi? Mo ti bi yín lórí ibojì, mo tún ń bi yín níbí. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé ọ̀kan nínú wa yóò pa yín tì tí ẹ bá yan èkejì? Àbí ẹ kàn fẹ́ kí inú ẹni tó wà níwájú yín dùn ni? Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń fi ẹran bọ̀ mí lẹ́nu nídìí ààrò, ẹ ó sì ṣẹ́jú sí mi kí n má jẹ́ kí Ṣadé rí i. Èmi nìkan ni mo rò pé ẹ ń ṣe é fún. Ọjọ́ yẹn ní Ṣáṣá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe fún un.

A jọ gbé irin náà padà wálé. Ẹyìn púpọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ló ra epo rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni Bàbá Láyí bá wa, àwọn àti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ṣadé ló kúnlẹ̀ kí wọn, òun náà ló sọ̀rọ̀. "Ẹbu yìí ní ẹni tó ni ín, Bàbá Láyí. Àwa méjèèjì ni." Wọ́n wo èéfín, wọ́n wò wá, wọ́n sì mú àlejò wọn padà lọ.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. A lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìyànà Ọ̀fà, a sì tún jà níwájú rẹ̀. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé àwa méjèèjì la jọ ni ẹbu: iṣẹ́ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, epo títà wà lọ́wọ́ Ṣadé, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá gba owó ní báńkì láìjẹ́ pé èkejì buwọ́ lùwé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, ọmọ tó bá ti yàn lójú gbogbo wa ni ìpín rẹ̀ máa bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí a ka ìwé náà fún Ìyá Sùkúrà, wọ́n rọra sọ pé ẹ ti ṣèlérí fún àwọn náà pé ẹnikẹ́ni kò ní lé àwọn kúrò nídìí iná yẹn títí àwọn ó fi darúgbó, àti pé ẹ ní kí àwọn má sọ fún ẹnì kankan. A padà sọ́dọ̀ lọ́yà, a fi kún un.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pe àwọn ọmọ mi jókòó. Lójú àwọn méjèèjì ni mo ti sọ pé Bọ́sẹ̀ ni yóò ni ìpín mi nínú ẹbu, torí òun ló ń bá mi ṣe é, àti pé ilé tí bàbá wọn kọ́ sí Ọlọ́runṣògo ni ti Dàmọ́lá. Dàmọ́lá dìde nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Èmi ni àkọ́bí yín, Mọ́mì." Ó jáde. Látìgbà yẹn, tí mo bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e.

Ó ń dùn mí wọ eegun, Màámi. Mo ti wá mọ ohun tí ẹ ń sá fún. Ọwọ́ mi ti nà sí fóònù nígbà púpọ̀ láti pè é sí kọ̀rọ̀, kí n sọ èyí tó máa dùn mọ́ ọn nínú. N kò ṣe é. Ó ti rán Bọ́sẹ̀ sí mi pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti wá gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi. Kó máa bọ̀. Kó wá bá mi jà dáadáa. Mo wà láàyè, mo lè dá a lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tí inú sì ṣì ń bí sí yín díẹ̀.