Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n Kọ Òdo Sí

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onílẹ̀kùn,
Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbé Iṣẹ́ Síta,
Yàrá Kẹjọ, Ilé Ìgbìmọ̀ Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ORÚKỌ ÌYÁ MI TÍ Ẹ LẸ̀ MỌ́ PÁTÁKÓ, ÀTI ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ TÍ Ọ́FÍÌSÌ YÍN KỌ ÒDO SÍ

1. Èmi ni àkọ́bí obìnrin tó ń kan ilẹ̀kùn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onílẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìṣílé ilé ìkàwé tuntun, ọ́fíìsì yín lẹ orúkọ ìyá mi mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ àkọlé "Àwọn Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Gbé Iṣẹ́ Fún Mọ́". Ìdí tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni "igi tútù". Ogúnjọ́ oṣù yìí lẹ máa yan ẹni tó máa ṣe ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà lára pátákó yẹn kò lè mú ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ wá. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ọjọ́ náà tó pé.

2. Àwọn tó mọ̀ mí á sọ fún yín pé tí mo bá rí aláǹgbá, ọ̀nì ni mo máa ròyìn. N kò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbára lé ẹnu mi níbí. Inú ìwé ètò iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fi òòtẹ̀ lù ni mo ti mú gbogbo iye ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí.

3. Gbọ̀ngàn ìpàdé àtijọ́ lẹ sọ di ilé ìkàwé. Ọ̀gá tó to ètò iṣẹ́ náà, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà, kọ ọ́ báyìí: òrùlé tuntun, ọgbọ̀n ọjọ́, rírẹ́ ògiri, ọjọ́ mẹ́jọ, gbígbẹ ògiri, òdo, gbígbé ilẹ̀kùn kọ́, ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dà kíkùn, ọjọ́ márùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún un. Ó wá rí i pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òun, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó he nǹkan lójú títì.

4. Ohun tó fi ọjọ́ tó he náà ṣe nìyí. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, tí òrùlé parí, tó yẹ kí àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri, ó kó gbogbo wọn lọ sí iwájú ilé kí wọ́n lọ kọ́ pèpéle tí àwọn èèyàn ńlá máa dúró lé sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò níbẹ̀. Pèpéle náà ní àtẹ̀gùn méje. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógójì ni wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì kan ògiri, ọjọ́ kejìdínláàádọ́ta ni wọ́n rẹ́ ẹ tán.

5. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kó ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá dé gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe ní kó ṣe. Kó tó sọ ọ̀kankan kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó sì na ọwọ́ náà sí Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà. Ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán. Ó ní, "Ọ̀gá, ògiri yìí ò tíì gbẹ. Igi gbígbẹ máa ń mu omi, á sì wú. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá." Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ta ni òṣìṣẹ́ tó ń ṣe gbígbẹ yẹn, kí n wo orúkọ ẹ̀?" Ìyá mi ní kò sí òṣìṣẹ́ kankan, afẹ́fẹ́ ni. Ó fèsì pé, "Ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá sí, iṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ò bá sí, ọjọ́ wo la fẹ́ kọ síbẹ̀? Àbí kí n máa retí kí afẹ́fẹ́ wá bu ọwọ́ lùwé?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan mú. Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà tún fi kún un pé tí ìyá mi kò bá lè gbé e kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn wà lẹ́yìn géètì.

Ìyá mi gbé e kọ́.

6. Wọ́n ti sọ fún wa ní ọ́fíìsì yín pé ìyá mi bu ọwọ́ lu ètò iṣẹ́ náà, nítorí náà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ó bu ọwọ́ lù ú. Ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa lórí ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, èmi ni mo sì kà á fún un lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo rí òdo náà. Mo rò ó pé àwọn tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mọ̀ ju ọmọ tó jókòó sórí ìtì igi lọ, mo sì sáré kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bá wí nínú ilé wa, èmi nìyẹn, kì í ṣe òun.

7. Ẹ̀yin náà wà níbi ìṣílé. Lẹ́yìn tí wọ́n gé tẹ́ẹ́pù, atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọdé pa mọ́ èèyàn mọ́kànlá, kò sì ṣí mọ́. Mo ti sọ ọ́ káàkiri àdúgbò pé wákàtí méje ni wọ́n lò nínú ibẹ̀. Ìwé ẹ̀ṣọ́ sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni, ìyẹn náà sì tó. Àáké ni wọ́n fi la ilẹ̀kùn náà lójú ìyá mi, igi tó ti fi ọdún méjì tò sábẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀bù wa kó lè gbẹ kó tó fá a. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Ẹ rántí amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè lẹ wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

8. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò kọ́ wa bí a ṣe ń to iṣẹ́ ńlá. Ó ní àwọn iṣẹ́ kan so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n: tí ọ̀kan bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo rẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́. Àwọn yẹn la ń fi bírò pupa fa ìlà sí. Àwọn yòókù ní àyè, wọ́n lè dúró. Mo mọ̀ ọ́n láti ilé. Balùwẹ̀ kan la ní, àwa mẹ́rin là ń jáde láàárọ̀. Bí àbúrò mi wọ bàtà tán láago márùn-ún, ìyẹn ò ní kí ẹni tó wà ní balùwẹ̀ yá sí i. Bàtà lè dúró. Balùwẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Olùkọ́ wa wá sọ pé dídúró pàápàá iṣẹ́ ni, pé ohun tó bá gba ọjọ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ìwé, ì báà má ní òṣìṣẹ́. N kò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́.

9. Mo délé, mo ya ètò iṣẹ́ yín sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ògiri. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Òrùlé, rírẹ́, gbígbẹ, ilẹ̀kùn, ọ̀dà: ọgbọ̀n, mẹ́jọ, mẹ́rìnlá, mẹ́ta, márùn-ún. Ọgọ́ta ni, kò lé, kò dín. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà rò pé ó ṣẹ́ kù, ti ògiri ni. Pèpéle kò sí lórí ìlà pupa rárá. Nígbà tí ògiri bá sì ń gbẹ, kí ni àwọn bíríkìlà fẹ́ máa ṣe? Wọn ò kúkú ní máa fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n kọ́ ọ, àtẹ̀gùn méjèèje, kí ó tún ku ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n á fi sinmi. Ìṣílé ì bá bọ́ sí ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ilẹ̀kùn ì bá sì máa ṣí.

10. Mo gbé kàlẹ́ńdà náà lọ bá Ọ̀gá Kàlẹ́ńdà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kí ìyá mi, kí n sì máa lọ sí ilé ìwé. Káfíńtà tuntun ti gbé ilẹ̀kùn kọ́ sí ọ̀pọ̀ yàrá báyìí, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, ẹ sì ń yìn ín. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ògiri tó ti gbẹ ló yẹ kẹ́ ẹ yìn.

11. Ilẹ̀kùn mẹ́tàlá tó ṣẹ́ kù ni ọkọ̀ yín wá dà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ń wò. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kì í fági mọ́. Ó máa ń jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé itan. Èmi àti àbúrò mi la tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà, tí a ń fi okùn ìwọ̀n wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún tí a ti tò wọ́n síbẹ̀, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ti padà sí ìwọ̀n tí ìyá mi fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀yìn wọn kó tó gbé wọn fún yín. Kò sẹ́ni tó fi irin kàn wọ́n. Afẹ́fẹ́ ló ṣe é, òṣìṣẹ́ tí kò ní orúkọ nínú ìwé yín.

12. Mo ṣàkíyèsí pé ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé ìròyìn kò tíì ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta sí i. Ìkẹsàn-án nínú ilẹ̀kùn ìyá mi ni tibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán èèyàn méjì wá kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n gbé e kọ́ lójú gbogbo ìgbìmọ̀, kí ẹ sì tì í. Tó bá ṣí, ẹ yọ orúkọ ìyá mi kúrò lára pátákó kí ogúnjọ́ tó pé, kí ẹ sì fi lẹ́tà tó tóbi kọ ọ́ sójú ibẹ̀ pé igi rẹ̀ kò tutù, kó lè fojú ara rẹ̀ kà á. Tó bá há, àyè ṣì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ tèmi síbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kẹsàn-án,

Àkọ́bí Ìyá Onílẹ̀kùn,
Ẹni tó ka ìwé náà fún un.