Obìnrin Tó Ń Gbé Fóònù Rẹ

Ayọ̀miídé, Àjàní ọmọ mi,

Ìgbà tí mo rí gbogbo ará ọjà tí wọ́n ń kí àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé Sùúrùlérè ń gbà ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin inú koríko kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìlú ńlá tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ó wá ń yan fanda kiri bí ìyàwó olóyè.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ti fi ìbínú sọ pé kò ní ṣojú òun kí o fẹ́ Beulah, opó ọlọ́mọ méjì tó tún jù ọ́ lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ. Á ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún pè padà. Mo rò pé Beulah ni. Mo ní ọmọ yìí mà ní ẹ̀kọ́ o, "ẹ" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo máa ń kí i, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tún sọ. Mo ní bóyá inú wa ló ṣì ń bí i.

Àfi bí Tiwalọlá, olùkọ́ tó háyà yàrá iwájú, ṣe gbọ́ tí mò ń kí i, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ohùn inú ẹ̀rọ ni. Ó wá fi fíìmù kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, Ẹ Tún Pè Padà ni wọ́n ń pè é. Jọ̀wọ́, wò ó. Ambrose ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Ládìpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó ń pe nọ́ńbà olóògbé, obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ló ń dá a lóhùn, títí ìfẹ́ rẹ̀ fi kó sí i lórí. Mo ní irú kí tún lèyí? Mo rò pé àwọn ará ọjà á fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ti ń jẹ́ kó jẹun, àwọn náà á kí i. Ìyálọ́jà gbé àga kalẹ̀, wọ́n gbé fóònù lé e, àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì nu epo ọwọ́ wọn kí wọ́n tó kí i pé ìyàwó wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nígbà tí Tiwalọlá dá a dúró láti lọ wo ìkòkò lórí iná, Ambrose la ẹnu sílẹ̀ títí ó fi dé, kò sì bínú. Onísùúrù ènìyàn ni. Tí o bá gba Ládìpọ̀ kọjá, bá mi kí i, kí o sì wò ó bóyá àga yẹn ṣì wà.

Mo wá ń rò ó pé, tí odindi ọjà bá lè kí àga, kí ló dé tí ilé wa ò lè kí Beulah tó lọ́wọ́ tó lẹ́sẹ̀? Mo ní kí Tiwalọlá fi han Bàbá Ọmọ́táyọ̀. Ó ní òun kì í wo ìwòkuwò. Ó wò ó tán, ó ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti ń kí àga. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ń kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Mo bá a di àga náà mú, kó lè gba ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e.

Fíìmù yẹn jẹ dátà Tiwalọlá tán. Mo yẹ ẹ̀yìn fóònù wò, n ò rí ibi tó ti jò. Jọ̀wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí o dì í dáadáa kó má baà dà sọ́nà. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí ohùn ènìyàn kò ní wọ́n níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbà mí nímọ̀ràn, ọmọ mi. Ọmọ Beulah àgbà ń jẹ́ Jael. Tí mo bá pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Jael, ó lè rò pé ilé ọkọ àárọ̀ ni mò ń rán òun létí. Tí mo bá pè é ní ìyàwó mi, Jael lè rò pé mo ti gba ìyá òun. Bi wọ́n léèrè, kí o wá fi ohùn ara rẹ sọ fún mi: èwo ni kí n pè é?