Ẹyẹ Tó Ń Bá Dígí Yín Jà

Bàbá mi, ẹni tí kì í fẹ́ kí lẹ́tà gùn,

Ẹ fara dà á fún mi lónìí. Mo ní ẹjọ́ kan láti rò.

Dígí tí ẹ fi ń fá irùngbọ̀n ṣì wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, lókè ẹ̀rọ omi, níbi tí ẹ kàn án mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ń nù ún ní gbogbo Sátidé. Ní oṣù yìí, ẹyẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà.

Ẹ mọ irú rẹ̀: ẹyẹ bíńtín tí àgógó ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó ti wọ́, tí ń mu omi dídùn inú òdòdó. Akọ rẹ̀ ń dán bí aṣọ àrán. Ó rí gbogbo òdòdó Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹ̀yìnkùlé wa ni ó yàn. Ní wákàtí tí ẹ̀yin gan-an máa ń fárùngbọ̀n, yóò bà sórí ẹ̀rọ, yóò rí akọ mìíràn nínú dígí, ìjà yóò sì bẹ́. Ẹ̀yin náà máa ń bá ọkùnrin inú dígí yẹn wíjọ́ nígbà tí abẹ bá ge yín lágbọ̀n. Ṣé òun ni ó jẹ̀bi lóòótọ́?

Abo rẹ̀ fi òwú aláǹtakùn so ìtẹ́ rọ̀ sára okùn aṣọ mi. Níbo ni ó ti rí òwú aláǹtakùn nínú ilé mi? Ó yé ẹyin, ó sì pa ọmọ méjì. Òun nìkan ni ó ń wá kòkòrò fún wọn. Ọkọ wà lójú ogun.

Ṣadé, ọmọ tó gba yàrá òkè lọ́wọ́ mi, nawọ́ jáde lójú fèrèsé: “Màmá, ẹ gbé dígí yẹn kúrò jàre! Bọ̀dá ẹyẹ yìí á pa ara ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ á di opó!” Mo ní kí ó gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹyẹ náà já bọ́ sínú korobá omi. Ṣíbí ọbẹ̀ ni mo fi gbé e jáde. Ó gbọn ara, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tì í, ó sì padà sídìí ìjà. Lára okùn, àwọn ọmọ rẹ̀ lanu sílẹ̀, kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i.

Mo yọ dígí yín, Bàbá. Mo wé e, mo gbé e sínú àpótí aṣọ yín. Ojú ibi tó wà funfun báláú, ìyókù ògiri ti dọ̀tí. Mo ti rò pé mò ń nu ògiri náà pẹ̀lú.

Ọkọ ti ń gbé oúnjẹ wá báyìí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó ṣiṣẹ́ kankan, yóò bà sórí ẹ̀rọ, yóò tẹjú mọ́ ojú funfun yẹn, yóò yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Èmi pẹ̀lú ń dúró síbẹ̀. Ẹ má sọ fún Ṣadé.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ti fi aláǹtakùn kan sílẹ̀ ní igun ògiri nítorí àwọn ọmọ ẹyẹ.