Ẹgbẹ́ Tó Ní Kóbìnrin Padà Sílé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi.

Ajáǹgbádì ni mo ti ń ránṣọ. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ló ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó ń sọ pé obìnrin ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin.

Lánàá, ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ lọ dáná!" Àwọn oníbàárà mi sá.

Mo ní, "Dádì, kí la máa wá jẹ?"

"Ẹgbẹ́ máa pín ìrẹsì."

Nírọ̀lẹ́, ó tún ní kí n gbóúnjẹ òun wá! Ó rí mi lára. Mo kó maṣíìnì mi, mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ebi ló ń da ọkọ mi láàmú, kí n padà. Ebi ń pa èmi náà, mi ò sì lé ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n padà?