Òdo Tí Wọ́n Fún Àwẹ̀ní

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta, 2026

Inú ń bí mi gan-an. Ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì mi ti dé látọ̀dọ̀ Bíìkì Pupa — Mùsíọ̀ Raymond, olórí àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí bírò pupa ọwọ́ rẹ̀. A kì í máàkì kíláàsì ara wa níbí, ńṣe là ń pààrọ̀. Ìbéèrè kẹta: ẹ lo “break” ní gbólóhùn mẹ́ta. Àwẹ̀ní kọ pé òun fọ́ àwo. Pé àwọn ṣínu lánàá. Pé ẹ̀gbọ́n òun yẹ àdéhùn. “Break” ló lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tọ̀nà! Àwo nìkan ló gba máàkì. Òdo, òdo fún ìyókù. Mẹ́jọ nínú ogún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo lọ bá Bíìkì Pupa níwájú gbogbo olùkọ́. Ó ní “casser”, ìyẹn fífọ́ lédè Faransé, ni “break”, ohun tó ṣeé gbá mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń “casser”, ṣé ààwẹ̀ ṣeé gbá mọ́lẹ̀ ni? Mo ní, “Mùsíọ̀ Raymond, ẹ̀yin náà ń jẹ iṣu, ẹ sì ń wá oyè jẹ nílé yín l'Akparé. Eyín wo lẹ fẹ́ fi jẹ oyè?” Wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní bí kọ́rijé ṣe wí nìyẹn — ìwé ìdáhùn tí gbogbo wa fi ń máàkì — kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yà kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Àwẹ̀ní ò wá.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo gun alùpùpù lọ wá Àwẹ̀ní ní Agbonou, àdúgbò wọn. Alájì Sùlèímọ́nù, bàbá rẹ̀, ń ta táyà létí títì. Ó kí mi dáadáa. Ó ní torí Gẹ̀ẹ́sì lòun ṣe fi ọmọ sílé ìwé, kó lè máa ka ìwé ọjà tó ń ti Èkó bọ̀ fún òun. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ ló máa ń gbà, kó wá jókòó ti táyà. Àwẹ̀ní ń nu táyà, kò gbójú sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè di ọjọ́ Ajé. Ó gbà.

Ta tiẹ̀ ló kọ kọ́rijé burúkú yẹn? Ọ̀lẹ. Aláìmọ̀kan. Irú wọn ò yẹ kó sún mọ́ ọmọ ọlọ́mọ rárá.

Jímọ̀, 13

Mo ní kí Bíìkì Pupa mú ojúlówó kọ́rijé náà wá, èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e fún mi.

“Break: casser. Ìtumọ̀ mìíràn, òdo.” Ìkọ̀wé mi ni. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀. 2023, ọdún tí mo dé, tí wọ́n ní kí n yára kọ ọ́.

Ó ní, “Màdáàmù, mi ò lè sọ ọ́ níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn.” Ojú tì mí, ilẹ̀ ò kàn lanu ni. Ó ní kí n tún un kọ, dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé wa, á fi máàkì kún ti Àwẹ̀ní. Mo tún un kọ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sabine, ọmọ kíláàsì míì tí mo máàkì ìwé rẹ̀, ńkọ́? Lọ́dún 2023 ó kọ pé ikú ìyá òun ba bàbá òun lọ́kàn jẹ́. “Break” ló lò. Èmi ni mo fún un ní òdo. Ó fìdí rẹmi, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ aṣọ rírán.

Òun ló rán búláòsì tí mo wọ̀ lónìí. “Màdáàmù mi” ló ṣì ń pè mí.